Kí Ohùn Má Baà Parẹ́: Ìrántí Yàrá Orin Ilé Wa

Kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé wa, inú tépù ni orin ń gbé. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi gbé ní sítúdíò tí mo ti kọ́ṣẹ́ ní Èkó fẹ̀ tó íǹṣì méjì, ó wúwo, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń rà á wá láti òkè òkun. Bí a bá fi í sí eré tó yá jù lọ, íǹṣì 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 ló fi ń tán. Àyè ohùn 24 ló wà lórí rẹ̀: ìyá ìlù ní tirẹ̀, agogo ní tirẹ̀, àwọn agberin ní tiwọn. Nígbà tí Haruna Ishola ṣí sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1979, ẹ̀rọ tó ní àyè 24 ló gbé síbẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ tí a wà nídìí iṣẹ́ náà nígbà yẹn kì í sọ̀rọ̀ méjì kí a má dárúkọ ibẹ̀. Pé olórin àpàlà gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, tí kò fi í sí Èkó, wú wa lórí gidigidi.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí tépù kò lè ṣe. Tépù tí a kọ́kọ́ gba ohùn sí, èyí tí à ń pè ní ìyá, kò ní ẹ̀dà tó bá a dọ́gba. Bí a bá dà á kọ sórí tépù mìíràn, ariwo ṣíì tó wà lábẹ́ ohùn á pọ̀ sí i. Bí a bá tún ṣe ẹ̀dà ti ẹ̀dà, ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á ti ṣú, a kò ní gbọ́ dídán rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ìyá nìkan ni gbogbo ènìyàn ń ṣọ́, ibi kan ṣoṣo ló sì máa ń wà. Nítorí pé tépù wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń nu ohùn tó wà lórí rẹ̀ nù tí àwo bá ti jáde, tí wọ́n á fi gba orin ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ń gbọ́ orin àtijọ́ lónìí, tí ó ń wù yín kí ẹ gbọ́ ìlù nìkan tàbí ohùn ọ̀gá nìkan, tí wọ́n sì sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, ìdí nìyẹn. Àwo ló kù, ìyá ti lọ.

Kì í sì í ṣe nínu nìkan ló ń mú un lọ. Ní 1973, Paul McCartney, tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, wá sí Èkó pẹ̀lú Linda ìyàwó rẹ̀ láti ṣe àwo Band on the Run ní sítúdíò EMI tó wà ní Àpápá. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn olè fi ọ̀bẹ dá wọn dúró, wọ́n sì gba tépù àwọn orin tó ti gbà sílẹ̀ nílé gẹ́gẹ́ bí ìpalẹ̀mọ́. Kò ní òmíràn. Orí ló fi rántí wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá, Kalakuta, wọ́n sì dáná sun ún. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìyá tó bí i lọ́jọ́ náà ni ayé ń rántí jù, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àmọ́ tépù pẹ̀lú jóná níbẹ̀, títí kan ohùn fíìmù tí Fẹlá ń ṣe nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, tó pè ní The Black President. Nínú iṣẹ́ wa, a sọ̀rọ̀ tépù yẹn títí ó fi sú wa. Gbogbo wa mọ̀ pé bí iná bá ràn mọ́ sítúdíò tiwa náà lọ́la, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló máa rí.

Ìdí nìyí tí mo fi gba kọ̀ǹpútà tọwọ́ tẹsẹ̀ nígbà tó dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ohùn rẹ̀ tutù, wọ́n ní kò ní ooru tépù. Èmi kò bá wọn jiyàn lórí ìyẹn, nítorí ohun mìíràn ni mo ń wò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì ohùn kan, mo fi ìyá àti ẹ̀dà sórí ìlà méjì nínú kọ̀ǹpútà, mo yí ọ̀kan padà sódì kí ìgbì rẹ̀ máa lọ sílẹ̀ níbi tí ti èkejì ti ń gòkè, mo sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì dún pọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀kan ti pa èkejì rẹ́ pátápátá, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ àfi tí wọ́n bá dọ́gba láìsí ìyàtọ̀ kankan. Mo tún ṣe ẹ̀dà láti ara ẹ̀dà, mo tún dán an wò, bákan náà ni. Ohun tí gbogbo ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò ní láyé wọn ti wà níwájú mi lórí tábìlì: ìyá tó lè wà ní ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Ìbàdàn, ládùúgbò Mọ́kọ́lá, ni a fi ṣe sítúdíò, láti nǹkan bí 1998. A kan fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ mọ́ ògiri, a fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo fèrèsé kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé. Máíkù méjì ni a fi bẹ̀rẹ̀. Cool Edit Pro ni ètò tí a ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Syntrillium ló ṣe é, kí Adobe tó rà á ní 2003 tó sì sọ ọ́ ní Audition. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń wá, akéwì ń wá, àwọn ọmọkùnrin oní-fújì ń wá pẹ̀lú gángan àti dùndún, àwọn ìyá àgbà tó mọ ẹkún ìyàwó ń wá tí a bá bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kọ ohùn kejì nínú ẹgbẹ́ akọrin, kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó máà yọjú.

Àyè ni ìṣòro wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín, torí àwọn ọmọ tó ń fi ohun tó kéré ju èékánná lọ gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin kò mọ ohun tí a là kọjá. Ohùn tó dára tó ti sídíì ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú kan. Fílọ́pì tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò nígbà náà kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ nìyẹn, akéwì kò tíì kí olúwarẹ̀ tán. Orin ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi ìlà 16 gbà, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti máíkù kan, lé ní mẹ́gábáìtì 420. Hádì dísíìkì kọ̀ǹpútà wa jẹ́ gígábáìtì mẹ́rin, Windows sì ti gba tirẹ̀ níbẹ̀. Orin méje, mẹ́jọ, ó ti kún.

Nígbà tó bá kún ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ yàrá bíi tiwa, wọ́n á po orin náà pọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì tàbí sídíì fún olórin, wọ́n á sì pa gbogbo ìlà ohùn rẹ́ kí àyè lè wà fún oníbàárà ọ̀la. N kò dá wọn lẹ́bi, oúnjẹ ọmọ wọn ni wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó jẹ́: nínu tépù ti àtijọ́ ló padà dé, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó yẹ kó gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà níwájú wa. Nígbà tí a ra ẹ̀rọ tó ń jó sídíì, tí sídíì òfìfo kan ń gba mẹ́gábáìtì 700, a fi ṣe òfin pé orin kan, sídíì méjì. A ó da gbogbo ìlà orin náà kọ sórí sídíì kan, a ó tún da gbogbo rẹ̀ kọ sórí èkejì, kí a tó pa ohunkóhun rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Owó sídíì yẹn ni mo máa ń kà mọ́ owó iṣẹ́. Àwọn kan ráhùn, wọ́n ní orin tí àwọn lè gbé lọ ni àwọn fẹ́, kí ni àwọn fẹ́ fi ègé ohùn ṣe.

Ìyàwó mi ló gba iṣẹ́ ìkọsílẹ̀. Olùkọ́ ni, ó sì kórìíra ohun tí kò ní orúkọ. Ó ra ìwé ńlá kan tó ní ìlà, ó ń kọ orúkọ orin, ọjọ́ tí a gbà á, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó lu ìlù, ìlú tí wọ́n ti wá, àti nọ́ńbà sídíì méjèèjì. Ó tún fòfin dè wá pé a kò gbọdọ̀ fi orúkọ tí kọ̀ǹpútà fún ìlà ohùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. «Track 7» kì í ṣe orúkọ lójú rẹ̀. Kí a kọ «agberin obìnrin, apá òsì». Mo gbà pé ìwé yẹn ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú orin wa mọ́, ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ, nítorí sídíì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pẹ́ kí wọ́n tó kó o dànù.

Ti NEPA ńkọ́? Iná kì í dágbére kó tó lọ. Akéwì á ti dé ibi tó dùn jù, gbogbo ara á ti gbóná, òkùnkùn á sì ṣú. Ohun tí a kò tíì sévù bá a lọ. A ra UPS, ìyẹn ń fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, nítorí iná tó bá lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan lọ́wọ́ lè ba fáìlì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Jẹnẹrétọ̀ wà, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kí a lè gba ohùn. Ọwọ́ ló wá kọ́ ọgbọ́n: tí ẹsẹ kan bá ti parí, kí olórin tó mí, ìka mi á ti wà lórí Ctrl àti S. Àwọn ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń fi í ṣe àṣà ilé, wọ́n á ní «Bàbá, ẹ ti sévù ẹ̀?» kí n tó dìde lọ mu omi. A kì í sì í sévù lé orí kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Orúkọ orin, ọjọ́, àti nọ́ńbà: kìíní, ìkejì, ìkẹta. Bí ìkẹta bá kọ̀ láti ṣí, ìkejì wà. Lónìí, ètò bíi Cubase máa ń sévù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, á fi fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .bak sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, inú hádì dísíìkì kan náà ló ń fi í sí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá wọn gbọ́ dáadáa. Ọmọkùnrin kan wá bá mi láti Èkó pẹ̀lú fíláàṣì. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fẹ́ kí n bá a pò.

«Ẹ kú iṣẹ́ sà. Gbogbo orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà níbẹ̀, Bàbá.»

Mo wo fáìlì náà. Mẹ́wàá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn pọ̀ kò tó ìwọ̀n ohùn ìṣẹ́jú kan. Mo ṣí ọ̀kan. Ètò náà gbé ìlà jáde, orúkọ wà, àmì ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí wà, ó wá ń bi wá pé fáìlì ohùn dà.

«Ọmọ mi, fódà tí wọ́n pè ní Audio ńkọ́?»

«Ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, sà.»

«Kọ̀ǹpútà náà dà?»

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ti tà á ní Computer Village ní Ìkẹjà, ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kí òun lè rí owó ṣe àwo náà, àti pé wọ́n ti fọ inú rẹ̀ mọ́ fún ẹni tó rà á. Ó rò pé orin wà nínú fáìlì tí òun gbé wá, torí orúkọ orin ló wà lára rẹ̀. Ọmọ náà sunkún, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ ìtùnú kankan sọ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Fáìlì iṣẹ́ tí ẹ ń ṣí nínú Cubase, nínú Reaper, nínú FL Studio, àwòrán ilé ni, kì í ṣe ilé. Ó mọ ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà, ṣùgbọ́n kò ní búlọ́ọ̀kù kan nínú. Ohùn gan-an wà nínú fáìlì WAV tó lè wà nínú fódà mìíràn, tàbí lórí dísíìkì mìíràn, pàápàá àwọn ìlù tí ẹ fà wọlé láti ibi tí ẹ kó wọn jọ sí. Àwọn tó ṣe ètò wọ̀nyí mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀nà àbáyọ síbẹ̀. Nínú Cubase, ẹ wá «Back up Project» nínú «File». Á kó fáìlì iṣẹ́ àti gbogbo ohùn rẹ̀ sínú fódà tuntun kan. Nínú Reaper, tí ẹ bá ń sévù pẹ̀lú orúkọ tuntun, ẹ máàkì ibi tó ní kí ó da gbogbo ohùn kọ sínú fódà iṣẹ́ náà. Àwọn oní-FL Studio ní «Zipped loop package». Fódà yẹn ni kí ẹ kó kiri, kì í ṣe fáìlì kékeré tó ń jẹ́ orúkọ orin.

Nípa ohun tí a fi ń pa nǹkan mọ́, gbogbo wọn ló ń kú. Ojú ọjọ́ wa kò tún ràn wọ́n lọ́wọ́. Eruku ọyẹ́ ń wọ inú ẹ̀rọ, òjò ń mú kí tépù àti kásẹ́ẹ̀tì bu, ooru inú yàrá tí a ti pa fèrèsé rẹ̀ ń jẹ sídíì olówó pọ́ọ́kú títí awọ rẹ̀ á fi máa ṣí kúrò. Àrá kan sán lọ́dún kan, ó jó ẹ̀rọ mẹ́ta ládùúgbò wa lẹ́ẹ̀kan náà nípasẹ̀ wáyà iná. Láti ìgbà náà, tí a bá ti ṣe ẹ̀dà tán, a ń yọ hádì dísíìkì tó wà níta kúrò lára iná àti lára kọ̀ǹpútà, kì í sùn síbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó bá wọ kọ̀ǹpútà kò lè dé ara ohun tí a kò so mọ́ ọn. Sídíì kejì ti gbogbo orin kì í sì í pẹ́ nílé wa: ilé ọmọ wa obìnrin ní Abẹ́òkúta ló ń lọ, nínú páálí, tó bá wá kí wa. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé Peter Krogh, ayàwòrán kan ní Amẹ́ríkà, ti sọ irú rẹ̀ di òfin tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀lé káàkiri: ẹ̀dà mẹ́ta, oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan wà nílé ibòmíràn. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi dùn pé ìyàwó mi ti ń ṣe é.

Wọ́n á ní «Bàbá, ẹ fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì.» A ti ń ṣe é, lóru, nígbà tí dátà bá rọjú. Ṣùgbọ́n mo rántí ìkànnì MySpace. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún olórin ló gbé orin wọn síbẹ̀. Ní 2019, iléeṣẹ́ náà sọ pé nígbà tí àwọn ń kó ẹrù láti ara kọ̀ǹpútà kan bọ́ sórí òmíràn, orin tí àwọn ènìyàn gbé síbẹ̀ láti 2003 títí dé 2015 ti sọnù. Ọdún 12. Ibẹ̀ nìkan ni àwọn kan fi tiwọn sí. Nítorí náà, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹ̀dà kan nínú àwọn ẹ̀dà, kì í ṣe ilé tí a lè kó gbogbo ẹrù wa sí.

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin papò dà, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n bá àwọn wá ohùn rẹ̀ fún ìrántí ọdún kan. Ìwé ìyàwó mi sọ ibi tó wà: orin ìdúpẹ́ kan tí ẹgbẹ́ akọrin wọn gbà sílẹ̀ ní 2001. Sídíì tilé kò ṣí mọ́. Ti Abẹ́òkúta ṣí. Fáìlì iṣẹ́ Cool Edit tó wà nínú rẹ̀ kò wúlò lórí kọ̀ǹpútà tí à ń lò báyìí, ètò tó lè ṣí i kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kí a tó jó sídíì, a ti mú ìlà kọ̀ọ̀kan jáde bíi WAV, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti òdo kan náà, ìbáà jẹ́ pé ìṣẹ́jú kẹta ni ẹni náà tó lanu. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí mo ti lò láti ìgbà náà ló ṣí WAV. A kó wọn sórí ìlà, wọ́n sì bá ara wọn mu bí a ṣe gbà wọ́n. Mo pa gbogbo ohùn yòókù, mo fi «ohùn kejì, ẹ̀gbọ́n» nìkan sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó wọ orin, wọ́n gbọ́ bó ṣe rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹnì kan ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí ẹ lè gbọ́ nínú orin tí a ti pò pọ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tó wà nínú oyún lọ́dún tí a gba orin náà, ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

Ohun tí à ń ṣe báyìí ni kíkó gbogbo sídíì wọ̀nyí sórí hádì dísíìkì kí wọ́n tó kú tán. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń tẹ̀lé ìwé ìyàwó mi láti ojú ewé kan sí èkejì. Ó ń ṣí orin kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń kọ ìyára rẹ̀ àti orúkọ àwọn tó kọ ọ́ sínú fáìlì ọ̀rọ̀ lásán kan tó ń fi sínú fódà náà. Níbi tí sídíì kìíní bá ti kọ̀, a ń ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta. Àwọn kan wà tí méjèèjì kọ̀, a ti kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn ìwé.

Orin wọ̀nyí kì í ṣe tiwa. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ni ín tí kò bá sí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kọrin nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wa ní Mọ́kọ́lá, tàbí tí ìyá yín kọ ẹkún ìyàwó níbẹ̀, tí bàbá yín lu gángan níbẹ̀, ẹ wá. Ẹ mú hádì dísíìkì tàbí fíláàṣì tó láyè gígábáìtì kan fún orin kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. A kò ní gba owó. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó kọrin àti nǹkan bí ọdún tó jẹ́ fún ìyàwó mi, á wò ó nínú ìwé, a ó sì fún yín ní gbogbo ìlà ohùn náà, kì í ṣe èyí tí a pò pọ̀ nìkan.